Bí Mo Ṣe Lọ Wá Irúgbìn Èémí fún Ẹ̀gbọ́n Mi Ẹfúnyẹlá

Ẹ jókòó kí ìdí yín rílẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣe é gbọ́ ní ìdúró. Ọ̀rọ̀ èémí ni. Àgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ èémí kì í kánjú, torí pé èémí náà ni ó fi ń sọ ọ́.

Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, ẹ má fi irun funfun díwọ̀n mi. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì gbóná lára mi, mo lé àgbọ̀nrín láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí, àgbọ̀nrín ni ó kọ́kọ́ jókòó. Mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró, ẹfọ̀n ni ó yà fún mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ti kú tán, àwọn tó lè jà mí níyàn náà sì ti kú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí n kò lè fọ́nnu níwájú rẹ̀ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, Ẹfúnyẹlá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òun ni ó pọ̀n mí, òun ni ó ń jẹun kù sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ ìrẹsì ni ó ń ṣe: á bọ̀ ọ́, á sá a, á gún un, á fẹ́ ẹ. Bó bá ń fẹ́ ìrẹsì nínú atẹ, àwọn obìnrin ìlú wa, Ìdó-Awóró, a máa dúró wò ó. Èèpo tí atẹ́gùn kò bá gbé, ẹnu ni yóò fi fẹ́ ẹ, èèpo á fò lọ, ìrẹsì á kù nínú atẹ bí eyín ọmọdé.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan ni òtútù àyà mú un. Ikọ́ lásán ni a kọ́kọ́ pè é. Ní ọjọ́ kẹta, ètè rẹ̀ dúdú, ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá. Wọ́n fi ike bò ó nímú, wọ́n so ike náà mọ́ àgbá afẹ́fẹ́ gíga kan, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni kò fi mọ̀ mí. Mo ti rí ikú nínú igbó lójúkojú, a ti wo ara wa, oníkálukú sì ti yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú tó fara balẹ̀ jókòó ti ibùsùn yẹn, tí kò bú ramúramù, tí kò kọlu ẹnikẹ́ni, òun ni n kò mọ bí a ṣe ń dọdẹ rẹ̀.

Ẹfúnyẹlá kò kú. Àìsàn náà lọ, a sì gbé e wálé. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a gbé lọ kọ́ ni a gbé bọ̀. Bó bá dìde lórí ẹní, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, á ti wá ibi jókòó. Kò lè fẹ́ iná mọ́, áńbọ̀sì ìrẹsì. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á sọ ìlàjì, á fi ìlàjì yòókù sílẹ̀ fún wa ká bá a parí rẹ̀.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ń jẹ́ Adérinsọ́lá. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó sì máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó kọjá lọ́dọ̀ aláìsàn tó ń sùn, kí ìró rẹ̀ má baà jí i. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó gbé àwòrán àyà ẹ̀gbọ́n mi sí ojú fèrèsé fún mi wò. Ibi tó yẹ kó dúdú kedere ti funfun, ó rí wúruwùru, bí ìgbà tí aláǹtakùn bá ta òwú sí àjà.

"Bàbá," ó ní, "òtútù àyà ti lọ. Iná ti kú, àmọ́ ilé ti jó. Ara ti sáré fi àpá dí ibi tó jó nínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá kì í sì í mí."

Mo bi í bóyá kò sí oògùn. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wá a káàkiri ayé. Irúgbìn kan ni wọ́n ń wá, èyí tó wà nínú ara ènìyàn fúnra rẹ̀, tó lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró tó jó hù padà bí igbó ṣe ń hù lẹ́yìn iná. Ó ní ó ti ṣe é ṣe lára eku nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ti ènìyàn, wọ́n ṣì ń dán an wò, òun kò sì ní tàn mí jẹ. Ó dárúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wá a. Kò sí ọ̀kan tó dúró sí mi lórí nínú wọn. Ohun tí etí mi gbé ni pé ohun kan wà tí wọ́n ń wá, wọn kò sì tíì rí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni à ń ké sí bí nǹkan bá sọnù sínú igbó? Ṣé ọdẹ kọ́?

Ẹfúnyẹlá kò fẹ́ kí n lọ. Ó ní àgbà ti ń dé sí èmi náà, ó ní òun ti jẹ ọjọ́ ayé òun níwọ̀n. Nígbà tó rí i pé mo ti di àpò, ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ó mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Àkàngbé," ó fi oríkì mi pè mí, "bí o bá rí i, mú un wá. Bí o kò bá rí i, kí ìwọ ṣáà padà wá. Má gbé irọ́ wálé fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo forí lé Igbó Ìmíkanlẹ̀.

Igbó náà kì í ṣe igbó tí ẹ mọ̀. Àwọn igi ibẹ̀ ń mí. Bí wọ́n bá mí sínú, gbogbo ewé á fà mọ́ igi, ojú ọ̀run á hàn. Bí wọ́n bá mí síta, ewé á ṣí, ilẹ̀ á ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan. Mo rìn nínú rẹ̀ títí mo fi dé ibi kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Igi ibẹ̀ dúró gan-an bí òpó. Ihò ẹyẹ, ihò òkété, afárá oyin, gbogbo rẹ̀ ni a ti fi amọ̀ rẹ́ pa. Láàárín wọn ni iwin kan dúró sí, ó ga tó ọ̀pẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, amọ̀ sì ń kán ní ìka rẹ̀. Arẹ́máṣíwọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ó wò mí. Mo rò pé ojú mi ni ó ń wò, àṣé ihò imú mi ni. Kí n tó gbé ìbọn, ó ti fi amọ̀ rẹ́ ihò imú kan, ó ń bọ̀ lórí ìkejì. Mo yìnbọn lù ú. Ọta dá ihò mẹ́fà sí i láyà, inú rẹ̀ sì dùn pé iṣẹ́ tún dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ àyà ara rẹ̀. Mo ní kí n pe ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi, ó fi amọ̀ di ẹnu mi láàárín ọ̀rọ̀. Ìjà tí mo jà lọ́jọ́ náà, bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, egungun rẹ̀ ni ẹ óò máa bèèrè. Mo gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń rẹ́ mi lọ. Ibi tí kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ni ó kù tí mo fi ń mí, ìgbà yẹn ni mo sì mọ bí ó ṣe ń rí fún Ẹfúnyẹlá láti àárọ̀ dé alẹ́.

Nígbà tí agbára tán, ọ̀rọ̀ ni ó kù. Mo fi ìka họ amọ̀ ẹnu mi díẹ̀, mo sì bi í pé kí ló dé tó ń ṣe èyí. Ó dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò bínú rárá. Ó ní iná jó igbó náà, wọ́n sì ní kí òun máa dí gbogbo ibi tó bá lu. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní òun kò rántí mọ́. Mo tún bi í pé ìgbà wo ni iná náà kú.

Ó dúró. Amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń kán sílẹ̀ tó, tó.

"Ṣé ó ti kú ni?" ó bi mí.

Mo fà á lọ́wọ́, mo mú ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀. Eérú ibẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó fọwọ́ kàn án, ó tún kàn án. Mo wá rí i pé iwin yìí kì í ṣe ìkà. Òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró ni.

"Iná ti kú, Bàbá," ni mo wí fún un. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó."

Arẹ́máṣíwọ́ jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí a sọ ẹrù ọgọ́rùn-ún ọdún kalẹ̀ fún, ó sì sùn. Bó ṣe sùn ni amọ̀ imú mi sán, ó bọ́ sílẹ̀. Nínú àwọn igi tó dákẹ́ yẹn, àwọn kan fa èémí sínú. Àwọn kan kò mí mọ́, títí mo fi kọjá lọ.

Láti ibẹ̀ mo dé Ìlú Kíákíá, níbi tí aago kì í ti í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan pàdé mi lẹ́nu odi, aṣọ rẹ̀ funfun nini, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn. Ó ní Wòótán ni orúkọ òun. Ó mú mi wọ ilé kan tí wọ́n to ado sí lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé àjà. Ó ní èyí ni ti ojú, èyí ni ti orúnkún, èyí ni ti ẹ̀dọ̀fóró. Mo wò ó fínnífínní, omi kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti tọ́ ọ wò, kí n tó gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì, yóò máa jó.

N kò ní purọ́ fún yín. Mo gba ado náà. Ọwọ́ mi ti dì í mú, ẹsẹ̀ mi kan ti kọjú sí ọ̀nà ilé. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bèèrè bóyá ejò ni òun dì mú. Ohùn Ẹfúnyẹlá ni ó dá mi dúró: ó ní kí n má gbé irọ́ wálé fún òun. Mo yíjú padà, mo sọ fún Wòótán pé kó fi ẹnì kan hàn mí tó ti lo oògùn náà tó sì ti pé ọdún kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó ń yin ẹwà ìbọn mi. Bó ṣe ń yìn ín lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ti hù lórí ẹ̀dọ̀fóró nínú àyà rẹ̀, bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ní ìdí ìyá rẹ̀. Ó ti hù gba abẹ́ apá jáde, ó ti hù dé ọrùn, ó ti ń ká orí rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Òun ni ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Mo fún un lómi mu. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Ó hù," ó wí fún mi. "Òótọ́ ni ó hù. Kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró ni."

Mo bi í pé kí ni mo lè ṣe fún un. Ó ní kò sí, àfi kí n sọ ohun tí mo rí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Mo gbé ado Wòótán kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì jáde. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ báyìí.

Ẹ̀yìn ìlú náà ni oko kan wà tí iná ti jó kanlẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí ebè láàárín rẹ̀, ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igbá omi sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ahùpadà ni wọ́n ń pè é. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó pa àlọ́ fún mi.

"Kí ló ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tó ń jáde láìdágbére, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá jáde tí kò padà, onílé náà ti lọ?"

Ẹni tó bá ti fi oṣù mẹ́rin ka èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní ronú pẹ́. Mo ní èémí ni. Ó ní kí n dìde.

Ó ṣí igbá fún mi wò. Irúgbìn kéékèèké wà nínú omi náà bí ọkà bàbà, ṣùgbọ́n wọn kò láwọ̀. Ó ní wọn kò tíì mọ ohun tí wọn yóò dà. Ibi tí a bá gbìn wọ́n sí ni yóò kọ́ wọn. Bí wọ́n bá bọ́ sáàárín ẹ̀dọ̀fóró, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti tutù, tí àpá ti dẹwọ́, wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń mí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣì ń gbóná, wọ́n á jóná. Nínú mẹ́wàá tí òun bá gbìn, ó ní méje ń kú, méjì ń hù kó tó rọ, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń dúró. Ó nawọ́ sí gbogbo oko náà, mo sì rí ebè méje méje tí nǹkan kan kò sí lórí wọn. Kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi yóò sàn.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ó dáhùn.

Mo ti la igbó kọjá, mo ti bá iwin jà, kí n lè wá gbọ́ pé ẹnì kan kò mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo ìlérí Wòótán lọ.

Ìyá Ahùpadà wá sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ọ̀nà jìn, òtútù a sì máa pa irúgbìn náà. Àyà tó ń mí nìkan ló lè gbé e délé, yóò sì máa jẹ lára èémí ẹni tó gbé e. Èyí tó bá jẹ, kì í dá a padà. Ó ní kí n rò ó dáadáa, òun kò lé mi.

Mo rò ó. Mo yí oko náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni a ń pè ní Ọdẹ́rìndé bí kò bá lè sáré mọ́? Ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n fi mọ̀ mí láti ìlú dé ìlú. Ẹ má rò pé ọkàn mi sáré gbà. Ó lọ́ra, ó sì dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹ̀yìn Ẹfúnyẹlá tó gbé mi kí ẹsẹ̀ mi tó lágbára. Mo padà lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, mo ya ẹnu. Ó fi ìka mú irúgbìn kan ṣoṣo, ó ní kí n fà á sínú pẹ̀lú èémí.

Ìrìn àbọ̀ náà ni ìyà tó tóbi jù. Irúgbìn náà ta gbòǹgbò sí mi láyà. Lọ́jọ́ kìíní, mo ń rìn bí ọdẹ. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń rìn bí àgbẹ̀ tó ti oko bọ̀. Nígbà tí mo dé Igbó Ìmíkanlẹ̀, mo ń rin ogún ẹsẹ̀, mo ń jókòó. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan kọjá níwájú mi, ó dúró, ó wò mí tán kó tó lọ.

Mo bá Ẹfúnyẹlá lórí ẹní rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Ó ti rù sí i. Mo sọ ohun gbogbo fún un, ado tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wá, ebè méje tó ṣófo, àti ti ìyá tó ní òun kò mọ̀. Kìkì ohun tí irúgbìn náà jẹ lára mi ni n kò sọ, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ní kí n máa bọ̀. Mo fi ẹnu mi sún mọ́ imú rẹ̀, mo mí sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo mọ ìgbà tí irúgbìn náà fi mí sílẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá jáwọ́ lára aṣọ ẹni.

Oṣù kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Oṣù méjì kọjá. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà Adérinsọ́lá a máa wá gbọ́ àyà rẹ̀ lóṣooṣù, á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kàn án níwá lẹ́yìn, á mi orí. Ní oṣù karùn-ún, ó gbé ẹ̀rọ náà sí ìsàlẹ̀ ìhà òsì, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ó di ojú rẹ̀. Ó ní kí Ẹfúnyẹlá mí, kó tún mí.

"Afẹ́fẹ́ ń wọ ibí," ó wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Kò wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó bi mí pé kí ni mo fún un, mo sì ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ ni a óò rí kó tó di òótọ́ fún gbogbo ayé. Mo ní ohun tí ìyá olóko náà sọ gan-an nìyẹn.

Ìhà ọ̀tún kò hù títí ó fi kú. Òsì nìkan ni ó hù, díẹ̀díẹ̀, bí ewé ṣe ń yọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi lò ó lẹ́yìn náà. Ọjọ́ ogbó ni ó mú un lọ, kì í ṣe àyà. Ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ fi fi yín sílẹ̀. Òwúrọ̀ kan ni.

Òjò ti rọ̀ lánàá ọjọ́ náà. Ẹfúnyẹlá ní òun fẹ́ lọ wo oko ìrẹsì lẹ́yìn òkè, èmi náà sì bá a lọ. Ó ń lọ níwájú, ó ń kí àwọn tí a ń pàdé, ó ń bèèrè ilé àti ọmọ, èmi sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń jìnnà sí mi. Mo fẹ́ pè é, èémí tí n óò fi pè é kò sí. Mo di igi kan mú, ojú ń tì mí, mo ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti sọ̀ kalẹ̀ padà wá. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó dúró tì mí létí ọ̀nà bí ẹni tó ń wo oko olóko, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

"Mí, Àkàngbé," ó ní. "Kò sí ẹni tó ń lé wa."